Sípíkà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kàn: gúdúgúdú ń sọ̀rọ̀, ìyáàlù kò sí nílé

ỌmọÀyàn_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ayùn ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo sì fẹ́ gé ohun tí kò ṣeé lẹ̀ padà.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra sípíkà méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń tú rédíò tòkunbọ̀ ní Queen Cinema níbí ní Ìbàdàn. Ínṣì márùn-ún ni. Páálí kékeré kan wà láàárín páálí ńlá, ó là bí òdòdó, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ṣe é láti dá kọ orin láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí tùwítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ìró òkè jáde. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ìwé kankan. "8 Ω" nìkan ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òómù mẹ́jọ, bó ṣe ń dènà iná tó.

Nígbà tí kò ti sí ìwé, èmi ni mo ní láti bi í pé ta ni ẹ́. Mo so rẹsísítọ̀ 100 Ω kan mọ́ ẹnu ihò íapíìsì kọ̀ǹpútà mi, mo sì fi REW, ètò ọ̀fẹ́ tí John Mulcahy kọ, ya gíráàfù impedance rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná ní ìró kọ̀ọ̀kan. Gíráàfù náà yọ ṣóńṣó ní 70 Hz, ìyẹn ìmì 70 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ ni páálí ti ń mì láìfipá. Mo wá mú amọ̀ ìṣeré àwọn ọmọ iléèwé, mo ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà àdúgbò wa bá mi wọn gíráàmù 6 gééré nínú rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní ṣé oògùn ni. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ṣóńṣó yẹn sì sọ̀ kalẹ̀ sí 49.5 Hz. Ẹni tó bá mọ ìṣirò rẹ̀ á rí i pé ohun tó ń mì lára sípíkà náà wúwo tó gíráàmù 6 gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyókù: Re (ìdènà wáyà inú rẹ̀) 6.8 Ω, Qts (bí ìmì rẹ̀ ṣe ń tètè dúró sí) 0.42, Vas (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó rọ̀ tó bí páálí ṣe rọ̀) lítà 8.8.

Ìṣirò ní kí n kan àpótí lítà 11, kí n fi páìpù tí yóò dún ní 64 Hz sí i. Mo ra pílíwúùdù 18 mm ní Bódìjà. Inú àpótí jẹ́ 20 cm ní fífẹ̀, 22 cm láti iwájú dé ẹ̀yìn, 26 cm ní gíga. Mágínẹ́ẹ̀tì àti páìpù ló jẹ èyí tó lé. Páìpù omi 50 mm ni mo lò, mo gé e ní 9.3 cm bí ìṣirò ṣe wí.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo parí ọ̀kan, mo pe bàbá mi. Àyàn ni wọ́n, ìyáàlù ni wọ́n ń lù láti kékeré. Mo fi ìlù tí àwọn fúnra wọn lù níbi ìsìnkú kan sí i, tí ọ̀rẹ́ mi kan fi máìkì gidi gbà sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n dijú, wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Gúdúgúdú ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìyáàlù kò sí nílé. Ṣaworo rẹ̀ nìkan ló rán wá, ó sì ń gún mi létí." Wọ́n dìde, wọ́n lọ jẹun.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ohùn ènìyàn pàápàá ń jáde bí ti ẹni tó ki orí bọ agolo.

Mo wá wọ̀n ọ́n. Aago mẹ́ta òru ni, torí ìgbà yẹn nìkan ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì máa ń sùn. Mo gbé àpótí sórí àga gíga ní pálọ̀, àárín sípíkà fi 1.2 mítà ga ju ilẹ̀ lọ, mo gbé UMIK-1, máìkì tí a fi ń wọn ìró, sí iwájú rẹ̀ ní mítà kan. Gíráàfù tó jáde dà bí òkè Ìdànrè. Èyí tí mo lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé láti bí 800 Hz ni ìró ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó fi máa dé 250 Hz, bíi 5 dB (ìwọ̀n bí ìró ṣe le tó) ti lọ. Impedance sípíkà nínú àpótí ní òkè méjì bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n àfonífojì àárín wọn, níbi tí páìpù ti ń dún, 60 Hz ló wà, kì í ṣe 64. Kókó kékeré kan tún yọ ní 660 Hz tí n kò mọ ibi tó ti wá.

Èrò tèmi ni pé páìpù ló gùn jù. Ṣé kí n gé e?

Pákó_Bódìjà

Àbúrò, gbé ayùn yẹn sílẹ̀ ná.

Káfíńtà ni mí, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ Qts. Ṣùgbọ́n mo ti kan àpótí fún àwọn ẹlẹ́rọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde àríyá débi pé n kò kà á mọ́. Ihò tó o gbẹ́ fún sípíkà, ǹjẹ́ o fá ẹ̀yìn rẹ̀? Sípíkà ínṣì márùn-ún nínú pákó tó nípọn tó 18 mm, bí ẹni tó wọ fìlà tó bò ó dé imú ni. Ẹ̀yìn páálí kò ráyè mí èémí. Tú sípíkà náà, fi fáìlì pákó fá etí ihò láti inú kó gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ibi tí skúrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí ibi dì mú.

Èkejì, jíjò. Fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu páìpù pinpin, kí o fi ìka méjì rọra tẹ páálí wọlé, kí o sì dúró. Tó bá jẹ́ pé o ń gbọ́ fíììì níbì kan, tàbí tí páálí kò tì ọ́ lọ́wọ́ rárá, àpótí rẹ ń jò. Gọ́ọ̀mù funfun tó o pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó ni kí o fi dí i. Má lo ohun mìíràn. Mo ti rí ẹni tó lò ó, nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo ẹ̀ là.

Àti pé kí ni ìwọ àti alágbẹ̀dẹ wúrà ń ṣe? Òṣùwọ̀n ń bẹ lọ́dọ̀ alátàrodò.

Ẹ̀gbọ́n_Oníwáyà

Má gé páìpù. Bó o gé e, ìyáàlù kò ní tìtorí ìyẹn wálé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ yanjú 60 Hz yẹn, torí ó rọrùn. Páìpù omi tí wọ́n ń pè ní 50 mm, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ki rúlà bọ ẹnu rẹ̀, wàá bá bíi 46 mm. Ìwọ fi 50 ṣe ìṣirò. Ẹnu rẹ̀ kéré sí èyí tó o rò, ìyẹn ló fà á sísàlẹ̀. Fún páìpù ẹnu 46 mm nínú lítà 11, 7.6 cm ni gígùn tó máa fún ọ ní 64. Bó bá wù ọ́, gé páìpù mìíràn sí 7.6 kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí etí tí Ọlọ́run dá tó máa gbọ́ ìyàtọ̀ 60 àti 64 nínú ìlù òde ìsìnkú.

Kókó 660 Hz náà, inú àpótí ló ti wá. Ìró ń sáré bíi 343 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdajì ìgbì 660 Hz jẹ́ 26 cm. Kí lo ní ó jẹ́ 26 cm? Gíga inú àpótí rẹ. Ìró há sáàárín òrùlé àti ilẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó wá ń gba ẹ̀yìn páálí jáde sí ọ. Já ìrọ̀rí àtijọ́ kan, tú òwú inú rẹ̀ kó fẹ́lẹ́, fi tẹ́ òrùlé, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Má jẹ́ kó dí ẹnu páìpù nínú. Wọn impedance padà, wàá rí i pé kókó yẹn á rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gan-an. Àwọn lẹ́tà Qts àti Vas tí gbogbo wa ń pè yìí, Australia ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀: Neville Thiele gbé tirẹ̀ jáde ní 1961, Richard Small sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń bá ọ wí. Ìṣirò yẹn gbà pé inú ògiri tí kò lópin lo kan sípíkà mọ́. Kò mọ̀ pé àpótí rẹ ní etí.

Ó sì ní in. Fífẹ̀ 20 cm nínú, fi pákó méjì kún un, ìta jẹ́ 23.6 cm. Ìró òkè, ìgbì rẹ̀ kúrú, pátákó iwájú rẹ jẹ́ ògiri fún un, gbogbo rẹ̀ ń kọjú sí ọ. Ìró ìsàlẹ̀, ìgbì rẹ̀ gùn ju pátákó lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé pátákó wà. Ó ń ṣẹ́ kọ́nà lọ sẹ́yìn, ó ń lọ bá aládùúgbò rẹ. Ohun tó ṣẹ́kù fún ọ níwájú fi 6 dB kéré sí ti òkè bó bá jẹ́ pé ìta gbangba lo wà. Ibi tí ìyípadà yẹn ti dé ìdajì, pín 115 pẹ̀lú fífẹ̀ ìta ní mítà: 115 sí ọ̀nà 0.236, ó jẹ́ 487 Hz. Wo gíráàfù rẹ. O ní láti 800 sísàlẹ̀ dé 250 ni bíi 5 dB ti sọnù. Ṣé o rí i? Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára sípíkà rẹ. Béèyàn bá ra àpótí ilé ìtajà, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n ti tún èyí ṣe sínú rẹ̀ kó tó rà á, ìyẹn ni kò ṣe mọ̀ pé ó wà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni rẹsísítọ̀ kan (ohun tó ń dènà iná) àti kọ́ìlì kan (wáyà tí a wé), kí o so àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o wá fi wọ́n sójú ọ̀nà wáyà tó ń lọ sí sípíkà. Ìró ìsàlẹ̀ á gba inú kọ́ìlì kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan. Kọ́ìlì kò ní gbà fún ìró òkè, yóò ní láti gba inú rẹsísítọ̀, okun rẹ̀ á sì dín. Nínú pálọ̀ tí ògiri wà nítòsí, má san gbogbo 6 dB padà, ó máa wúwo jù. San bíi 4. Fún sípíkà tìrẹ, rẹsísítọ̀ 3.9 Ω àti kọ́ìlì 1 mH (ìwọ̀n agbára kọ́ìlì nìyẹn). Rẹsísítọ̀ oní-wáàtì 10 ni kó jẹ́, àwọn funfun tó dà bí búlọ́ọ̀kù kékeré yẹn. Kọ́ìlì, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wé mọ́tò, ra wáyà kọ́pà oní 1 mm kí o wé e, kò gbọdọ̀ sí irin láàárín rẹ̀. Wáyà fáànù tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ yìí.

Kí n tètè sọ fún ọ: kì í ṣe béèsì ni yóò fi kún un, òkè ni yóò dín kù. Wàá gbé fọ́líọ́ọ̀mù sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí à ń san nìyẹn.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n ti fọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwọ̀n.

Òkè Ìdànrè tó o rí yẹn, pálọ̀ yín lo wọ̀n, kì í ṣe sípíkà. Sípíkà wà ní 1.2 mítà sílẹ̀, máìkì náà bẹ́ẹ̀, mítà kan láàárín wọn. Ìró tó lọ tààrà rin mítà kan. Èyí tó kọ́kọ́ lu ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ máìkì rin 2.6 mítà. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.6, ìyẹn bíi 4.7 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Ní REW, wá ibi tí wọ́n kọ IR Windows sí, fi fèrèsé ọ̀tún sí 4.5 ms, kí gbohùngbohùn ilẹ̀ má ráyè wọlé. Àwọn òkè yẹn á tẹ́jú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n má gba ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ bíi 220 Hz gbọ́ nínú gíráàfù yẹn, torí fèrèsé kúkúrú kò lè rí ìgbì gígùn. Bó o bá fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbé àpótí jáde sí àgbàlá, kí o gbé e ga sí i.

Fún ìsàlẹ̀, gbé máìkì sún mọ́ páálí tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kékeré rẹ kò fi ní kọjá láàárín wọn. Don Keele ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1974. Fún páálí bíi tìrẹ, kò ṣeé gbọ́kàn lé kọjá nǹkan bíi 1000 Hz. Wọn ẹnu páìpù náà lọ́tọ̀.

Ibi tí èmi fúnra mi ṣubú sí nìyí: máìkì tó wà lẹ́nu páálí kò mọ̀ pé àpótí ní etí. Ìlọsẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé yẹn kò ní hàn níbẹ̀ rárá. Mo so gíráàfù ìtòsí mọ́ ti ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo, mo ń fò sókè. Mo gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, ó ní ṣé rédíò ni. Fi ìlọsẹ́yìn yẹn dín gíráàfù ìtòsí kù kó o tó so wọ́n pọ̀.

Ṣé o gbé fáìlì tó ń tún ìwọ̀n máìkì rẹ ṣe sínú REW? UMIK-1 kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, fáìlì rẹ̀ wà lórí ìkànnì miniDSP, àwọn tó ṣe máìkì náà.

Ti ṣaworo tó ń gún bàbá létí: páálí kékeré àárín yẹn ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀, láti bí 3000 Hz lọ sókè, ó sì burú jù níwájú gan-an. Wọ̀n ọ́n níwájú, wọ̀n ọ́n ní dígírì 15, wọ̀n ọ́n ní 30. Ibi tó bá ti tẹ́jú jù, ibẹ̀ ni kí etí bàbá wà. Má kọjú àpótí sí wọn.

ỌmọÀyàn_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́.

Páìpù: mo ki rúlà bọ̀ ọ́, 46 mm ni. Ojú tì mí. Mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Jíjò: Ẹ̀gbọ́n Pákó, ẹ jẹ́ wòlíì. Ibi tí wáyà ti gba ẹ̀yìn wọlé, ihò rẹ̀ fẹ̀ ju wáyà lọ, ó ń fọn fèrè. Mo dí i. Mo fá ẹ̀yìn ihò sípíkà náà, mo sì fi òwú ìrọ̀rí kan tẹ́ inú rẹ̀ (ìyá mi kò tíì mọ̀ pé ìrọ̀rí yàrá àlejò ti dín kan). Kókó 660 Hz wálẹ̀, ojú tó bá wá a nìkan ló lè rí i.

Fáìlì máìkì: n kò gbé e wọlé tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé e. Mo fi fèrèsé sí 4.5 ms, òkè Ìdànrè di ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àfi ìsọ̀kalẹ̀ kan ṣoṣo láti 800 lọ sísàlẹ̀, ó rọra ń lọ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ òkè Mápó. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà sọ gan-an. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè rí fífẹ̀ pákó nínú gíráàfù ìró.

Kọ́ìlì ló fìyà jẹ mí. Ọ̀gá tó ń wé mọ́tò ta wáyà 1 mm fún mi, nǹkan bíi 20 mítà. Mo wé e mọ́ agolo tòmátò kékeré, REW ní 1.4 mH. Mo yọ agolo náà kúrò, ó di 0.97. Irin agolo ló ń bá mi purọ́! Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé kò gbọdọ̀ sí irin, mo rò pé irin ńlá ni wọ́n ń sọ.

Mo gbé e sójú ọ̀nà pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 3.9 Ω. Láti 250 Hz dé 2000, gíráàfù kò kúrò láàárín 3 dB. Òkè 4000 Hz ṣì wà níwájú gan-an, ṣùgbọ́n ní dígírì 20 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, nítorí náà mo yí ojú àpótí síta díẹ̀.

Mo pe bàbá mi. Ìlù kan náà, àga kan náà. Wọn kò dijú lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìka wọn ti ń lu itan, wọ́n ń dá ìyáàlù lóhùn. Wọ́n ní, "Ó ti wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ṣì dúró sí." Mo ti àpótí sẹ́yìn kó sún mọ́ ògiri, láti 70 cm sí bíi 30. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n tún ní kí n lọ wá ibi tí àwọn ti ṣi ìlù lù láàárín orin náà, torí àwọn gbọ́ ọ, wọ́n sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo ti kan àpótí kejì. Kọ́ìlì rẹ̀, láìsí agolo, jẹ́ 1.1 mH. Ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbí kí n tú wáyà díẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Oníwáyà

Tú u. Àpótí méjì gbọ́dọ̀ jọ ara wọn ju bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe gbọ́dọ̀ pé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn tó yẹ kó dúró láàárín á máa rìn. Ìyípo mélòó lo wé? Bó bá jẹ́ bíi 130, tú mẹ́fà. Agbára kọ́ìlì ń tẹ̀lé iye ìyípo tó o bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, nítorí náà ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó o bá yọ ń dín bíi ìdá mẹ́wàá. Tú mẹ́fà, wọ̀n ọ́n, kó o tó gé wáyà.

ỌmọÀyàn_Ìbàdàn

132 ni. Mo tú mẹ́fà, ó di 1.0. Mo tú ọ̀kan sí i, ó di 0.98. N kò tíì gé e, mo ká ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Pákó_Bódìjà

Gé e. Ayùn ti wà lọ́wọ́ rẹ tipẹ́.